Ọmọ Tó Ń Lé Ẹyẹ Lóko Ló Di Alásè Ẹyẹ Nílùú Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Thamesmead. Ìrì dídì bo koríko bí ẹni da iyọ̀ sí i. Èmi tí mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tí mo wa bọ́ọ̀sì di aago méjìlá òru àná, mo gbé kóòtù wọ̀ lé aṣọ ìsùn, mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì ìyàwó mi torí òun lẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ bà lókùnkùn, mo gbé kẹ́túlù omi gbígbóná dání, mo ń rọra tẹlẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé kí n má baà yọ̀ ṣubú. Kí ni mo ń lọ ṣe? Omi ẹyẹ ló dì. Mo ń lọ yọ́ ọ kí ẹyẹ lè rí mu.

Ẹyẹ o! Kì í ṣe adìẹ tí mo máa pa lọ́dún, kì í ṣe tòlótòló. Ẹyẹ oko, tí n kò mọ bàbá wọn, tí kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kí mi kú iṣẹ́ rí.

Kí ẹ tó lè mọ bó ṣe dùn mí tó, ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ìrẹsì ni bàbá mi ń gbìn lápá Ọ̀fadà. Bí ìrẹsì bá ti ń gbó báyìí, ẹ̀gà dé nìyẹn. Wọn kì í dá wá. Wọ́n á ṣú bo oko bí òjò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi gun orí pèpéle onígi láàárín oko náà. Wọ́n na okùn yí oko ká, wọ́n so agolo mílíìkì kọ́ ọ, bí mo bá fa okùn, agolo á máa ké woroworo, èmi náà á wá fi gbogbo ọ̀fun mi han: “Hàààà-yá!” Owó iṣẹ́ mi kò ju iṣu sísun àti epo lọ. Bí bàbá mi bá sì dé tó rí i pé ẹyẹ ti jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, pankẹ́rẹ́ ni àjẹmọ́nú. Láyé tèmi nígbà yẹn, oríṣi ẹyẹ méjì péré ló wà: èyí tí wọ́n ń lé, àtèyí tí wọ́n ń jẹ.

Màmá tó ń gbé ilé tó fara kan tiwa ló kó bá mi. Arúgbó òyìnbó ni, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọn kò sì ṣe ohun tó burú sí wa rí láti ọjọ́ tí a ti kó dé àdúgbò. Nínú oṣù Bélú ọdún kan, wọ́n fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, ṣé mo lè máa bá àwọn bu oúnjẹ sínú àwọn ọ̀pá oníke tó wà lára igi lẹ́yìnkùlé àwọn. Ta ló fẹ́ kọ̀ fún àgbàlagbà tí orúnkún ń ro? Mo ní, “Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ó ti di ṣíṣe.” Ni wọ́n bá fún mi ní ìwé ìlànà tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ojú ewé mẹ́ta! Èyí tí mo kà kí n tó di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin tó báyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ọmọ wọn obìnrin wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Devon, wọ́n fi ilé háyà. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò lójú wọn, wọ́n ní gbogbo nǹkan ẹyẹ àwọn, tèmi ni: ọ̀pá ike mẹ́rin, àwo omi, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Mo dúpẹ́, mo tún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n ṣe ń ti ogún gbèsè fún èèyàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nínú ilé tí a ti pa híítà yàrá méjì nítorí owó iná, àwọn tó wà níta ń jẹ hóró sunfáláwà tí wọ́n ti bá wọn bó léèpo. Wọ́n ń jẹ bọ́ọ̀lù ọ̀rá màlúù tí wọ́n po hóró ọkà mọ́. Wọ́n ń jẹ ìdin gbígbẹ, èyí tí ìyàwó mi ti ṣèlérí pé bí òun bá tún bá a nítòsí edé òun, ọ̀kan nínú wa á kó jáde. Ẹ̀pà wọn ló wá pa mí lẹ́kún. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò pé wọ́n ti yẹ ẹ̀pà yìí wò ní yàrá àyẹ̀wò, pé kò sí aflatoxin nínú rẹ̀, ìyẹn májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bá bu. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ̀pà inú ìgò ọtí, mo jẹ ẹ́ ní gáréèjì, mo jẹ ẹ́ nínú gòsíló, ẹnì kankan ò bá mi gbé e lọ yàrá àyẹ̀wò rí. Lóru ọjọ́ kan tí ebi pa mí dé láti ibi iṣẹ́, mo yan ẹ̀pà ẹyẹ díẹ̀ sórí iná, mo fi mu gàrí. Ìyàwó mi tan iná ilé ìdáná, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Bàbá Bọ́lá, ṣé ó ti wá di báyìí?”

Mo ní, “Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.”

Bí ẹ bá sì rò pé ẹni tí wọ́n ń bọ́ á mọ oore, ẹ wá wo róbìn. Ẹyẹ kékeré aláyà pupa ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun ni wọ́n ń yà sára káàdì Kérésì, òun náà ni wọ́n sì dìbò yàn ní 2015 pé kó jẹ́ ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ò fọwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé orin rẹ̀ ń tu ọkàn lára, pé nígbà tí gbogbo ẹyẹ bá ti panu mọ́ nínú òtútù, òun nìkan ló ń kọrin. Èmi ti mọ ohun tó ń kọ. “Ilẹ̀ mi nìyí, kúrò níbẹ̀!” ló ń kọ. Ọmọ onílẹ̀ ni! Ako ní ilẹ̀ tirẹ̀ lásìkò òtútù, abo náà ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń kọrin lé ara wọn kúrò. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, wọ́n á ja àjàkú akátá. Tí mo bá gbé ṣọ́bìrì láti tú ibi tí mo máa gbin tẹ̀tẹ̀ sí, kò ní í pé ìṣẹ́jú kan tí yóò fi bà sórí ọwọ́ ṣọ́bìrì náà, tí yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò máa wò mí. Ekòló àkọ́kọ́, òun ló ni ín. Owó ìpìlẹ̀ nìyẹn. Èkejì, owó òrùlé. Mo sá fún ọmọ onílẹ̀ ní Mọ̀wé, mo wá bá a ní Thamesmead, kò sì tó ohun tí ọwọ́ kan ń dì mú.

Ti blue tit tún yàtọ̀, ẹyẹ bíńtín tó dà bíi pé wọ́n rẹ orí rẹ̀ sínú aró. Kò wúwo tó owó ẹyọ póùn méjì. Ọ̀daràn ìdílé ni: láti 1921 ni wọ́n ti ká àwọn ẹbí rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń lu ìdérí ìgò mílíìkì lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, nítòsí Southampton. Ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí eléyìí dénú. Oṣù Ọ̀pẹ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ojúmọmọ kò ju bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, òru á gba mẹ́rìndínlógún, ẹyẹ tí kò tó owó ẹyọ yìí sì gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀nba tó jẹ lójúmọmọ dáná sí ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oorun òru kan ṣoṣo lè mú kó jó rù tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Oorun lásán! Ó ti tó ọdún márùn-ún tí dókítà ti ń bẹ̀ mí pé kí n jó rù díẹ̀, gbogbo oorun tí mo ń sùn kò gbé ohunkóhun kúrò lára mi.

Wren ló tún kéré ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní lọ́dún 1969, ní Norfolk, mọ́kànlélọ́gọ́ta wren ni wọ́n kà nínú àpótí onígi kan ṣoṣo lóru òtútù, gbogbo wọn ló tò mọ́ra bíi sàdíìnì. Ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu. Kò yà mí lẹ́nu. Àwa méje la gbé yàrá kan ní Peckham nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, a ò sì san owó híítà rí.

Ẹyẹlé igbó ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí torí ó ti dá ìjà sílẹ̀. Ó sanra, àyà rẹ̀ ki pọ̀pọ̀, ó tó ìdajì kílò, ó ń rìn kiri abẹ́ igi mi bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Màmá ṣì wà ládùúgbò, mo kàn béèrè ìbéèrè. Ìbéèrè ni mo pè é o! Mo ní, “Màmá, eléyìí, ṣé ẹnikẹ́ni ò máa fi se ọbẹ̀?” Bí wọ́n ṣe wò mí, mi ò ní gbàgbé. Wọ́n wá rọra ṣàlàyé pé òfin 1981 kò fàyè gba kí ẹni kan ṣáà dìde pa ẹyẹ oko. Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹlé yìí ti mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ẹ̀fọ́ tí mo bá gbìn lóru, òun ló ń jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Àwọn tí kì í ṣe ẹyẹ tún ń jẹ níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ eérú yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó ìran rẹ̀ wá; ní 1876 ọlọ́rọ̀ kan tú méjì sílẹ̀ ní ọgbà rẹ̀ ní Cheshire, bó ṣe di ti gbogbo ìlú nìyẹn. Ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ kọ́ orí igi mi lójoojúmọ́, ó ń fi orí kanlẹ̀, ó ń da hóró sunfáláwà sẹ́nu bí ẹni ń mu omi. Mo gbọ́ pé ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, pé àwa ẹran ọlọ́mú nìkan ló ń ta. Inú mi dùn. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ ata? Mo wọ ilé ìdáná, mo bu ata gígún tí ìyá ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ṣíbí mẹ́ta, mo fi po hóró náà, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Ó bu ẹnu kan. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu, ó tún nu ún mọ́ ara fẹ́ǹsì, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó fò lọ. Mo jó! Ibi tí mo ti ń jó ni mo ti fi ọwọ́ tí mo fi po ata nu òógùn ojú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ata Ìbàdàn, ẹ mọ ìyókù. Orí mi wà lábẹ́ omi ẹ̀rọ fún ogún ìṣẹ́jú, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń béèrè ata rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀kẹ́rẹ́ padà wá. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, tata-tata, bí ẹni tó ti gbé Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn rí.

Àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé náà ń bọ̀, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ariwo bíi ti ọjà Oyíngbò. Íńdíà àti Áfíríkà ni ìran wọn ti wá. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n nínú àgò, wọ́n sì ti ń pa ọmọ nínú igbó ilẹ̀ yìí láti 1969. Wọ́n máa ń sọ pé Jimi Hendrix ló tú wọn sílẹ̀ ní Carnaby Street. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́. Ohun tó ń dùn mí lára wọn ni pé wọn ò wọ kóòtù, òtútù ò mú wọn.

Gbogbo èyí ṣì kéré. Ẹ̀dùn ọkàn mi gan-an rèé: àwọn ẹyẹ tó gbọ́n ò sí ńbí. Nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti máa ń tò sórí wáyà iná, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí èrò tó ń dúró de bààlúù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti lọ. Ibo? Ilé wa! Àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba orí aginjù Sàhárà kọjá títí dé South Africa. Àwọn ará Yúróòpù mìíràn nínú wọn ń sọ̀ sí Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí wọ́n ti kà wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ń sùn nínú koríko. Ẹyẹ tí kò wọ̀n ju bíi ogún gíráàmù lọ, kò ní físà, kò san owó ẹrù, ó ń yáàrùn ní Nàìjíríà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀ ń fi kẹ́túlù yọ́ omi ní Thamesmead. Wọ́n tún wá sọ fún mi pé àwọn ẹyẹ kan ń sá fún òtútù Íslándì àti Norway wá síbí. Síbí! Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibí yìí ni wọ́n ń pè ní ibi tó móoru.

Lékèélékèé ló já mi kulẹ̀ jù. Ní 2008 ni lékèélékèé kọ́kọ́ yé, tí ó pa, ní Somerset. Lékèélékèé tí a máa ń na èékánná sí ní kékeré kó lè bá wa kùn ún ní funfun! Ta ló tàn án? Tí mo bá pàdé rẹ̀, màá mú un jókòó, màá ṣàlàyé owó iná fún un.

Ẹ wá gbọ́ ti ètò kíka ẹyẹ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, RSPB, máa ń ní kí aráàlú jókòó fún wákàtí kan, kí wọ́n ka ẹyẹ tó bá bà sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Àwọn obìnrin tó ń bínú pé wọ́n ń pa ẹyẹ láti fi ìyẹ́ ṣe fìlà oge ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1889. Ètò kíka ẹyẹ yìí, 1979 ló bẹ̀rẹ̀, ọmọdé ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e fún. Ní January 2021, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn tó kà á lé ní mílíọ̀nù kan. Ológoṣẹ́ ló sì ń gba ipò kìíní, ó ti lé lógún ọdún. Màmá ti fóònù láti Devon lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú pé kí n má gbàgbé. Ìyàwó mi ní òun ò sí níbẹ̀ o: “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Ìlànà rẹ̀ ni pé iye tó pọ̀ jù tí o bá rí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wàá kọ, kí o má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá sì ń fò kọjá, kò sí nínú ìṣirò. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án gééré, mo fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn onígíláàsì pẹ̀lú tíì, awò, àti bírò. Mo ti fọ àwọn ọ̀pá ike lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí àrùn ọ̀nà ọ̀fun tó ń pa àwọn greenfinch, tó ti sọ wọ́n di ẹyẹ inú ewu láti 2021. (Àwo tí mo fi jẹ ẹ̀bà ṣì wà nínú síńkì. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, ẹ má tún un sọ.) Ẹyẹlé igbó wà nílẹ̀: ọ̀kan. Àwọn ológoṣẹ́ wà nínú igbó ọgbà, mo ń gbọ́ wọn, wọ́n tó ogún, wọ́n ń ṣèpàdé. Èyí tó gbójú jù yọ orí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo gbé bírò.

Àwòdì dé.

Kì í ṣe ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, àyà rẹ̀ ní ìlà pupa rúsúrúsú, ẹyinjú rẹ̀ yẹ́lò. Ó bà sórí fẹ́ǹsì, ó kọjú sí igbó ọgbà. Ariwo ìpàdé dákẹ́ lójijì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mi ò ní ìbátan kankan pẹ̀lú àwọn ológoṣẹ́ yẹn. Mo kàn rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí, tíì ti dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo wà nínú ìrì dídì láìwọ bàtà, ohùn kan sì jáde láti inú mi tí n kò tíì gbọ́ láti ogójì ọdún ó lé:

“Hàààà-yá!”

Àwòdì lọ. Ẹyẹlé lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí igi já bọ́, ó sì lọ. Ogún ológoṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba orí ilé wa kọjá, wọ́n ń fò lọ, wọn ò sí nínú ìṣirò. Ajá gbó ní ilé kẹta. Kọ́tìnnì ṣí ní òdìkejì. Bí bàbá mi bá wà láyé, ì bá fún mi ní odidi iṣu kan.

Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta tó kù wo koríko. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ọmọ onílẹ̀ jáde, ó bà sórí àwo omi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ó kọrin rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹyẹlé igbó 1, àwòdì 1, róbìn 1.

Nírọ̀lẹ́, Màmá fóònù. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, mo ní kí wọ́n má bínú, pé èmi ni mo lé gbogbo wọn lọ. Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.

“Àwòdì?” ni wọ́n sọ. “Lórí fẹ́ǹsì wa? Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń retí àwòdì níbẹ̀! O mà ṣoríire o.”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀pà tí mo ra…”

“Wọ́n ní òtútù alẹ́ òní á le gan-an,” ni wọ́n wí. “Ṣé omi wọn kò tíì dì?”

Mo fi èjìká di fóònù mọ́ etí, mo lọ gbé kẹ́túlù ka iná.